Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin olùṣètò eré: ẹ jẹ́ kí afọnsaksofóònù mú báńdì rẹ̀ wá

Ẹ̀yin olùṣètò eré orí ìtàgé,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àìsùn. Mo mọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ohùn fèrè lálẹ́ ọjọ́ eré, ẹ̀yin ti sá sókè sá sódò: ẹ ti gba gbọ̀ngàn, ẹ ti wá ẹni tí yóò bójú tó iná, ẹ ti bẹ onígbọ̀wọ́, ẹ ti ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò ṣe é rí ló lè rò pé ó rọrùn. Nítorí náà, n kò kọ lẹ́tà yìí láti bú yín. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bá wá, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín fún. Bí ẹ bá pe afọnsaksofóònù pé kó wá ṣe eré jáàsì àti fọ́ǹkì, oríṣi orin méjì tó ti Amẹ́ríkà wá, ẹ jẹ́ kó mú àwọn tó ń bá a ṣeré dání: onílù, onígìtá béèsì, ẹni tó ń tẹ dùùrù, àti ẹni yòówù tó bá tún nílò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe pè é lóun nìkan kí ẹ wá ní kó máa fọn fèrè lé orin tí wọ́n ti ká sínú kọ̀ǹpútà.

Àṣà yìí ti fẹ́ di bárakú. Mo lọ wo irú rẹ̀ kan láìpẹ́ yìí, n kò ní dárúkọ ẹni tó ṣètò rẹ̀. Èémí ọkùnrin tó ń fọn fèrè náà gùn, ìka rẹ̀ yá, ohùn fèrè rẹ̀ nípọn dáadáa. Àwọn èrò ti dìde, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ bá ìlù, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó ti rí wọn. Ó dijú, ó fara ti ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohùn kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń pa dà sí ibi tó ti kúrò, ó tún ń gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ku díẹ̀ kó dé téńté ni orin inú kọ̀ǹpútà bá parí. Ibi gbogbo pa lọ́lọ́. Ó fọn ohùn méjì mẹ́ta sí i lóun nìkan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ̀ríba. A pàtẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ṣì kù lẹ́nu rẹ̀. Ó dùn mí fún un gan-an, torí pé kò sí ohun tó lè ṣe sí i. Bó jẹ́ pé onílù tó ń fetí sílẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀ ni, ìyẹn kì bá ti dá dúró láéláé lásìkò yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa fọ́ǹkì, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í mọ̀. Wọ́n rò pé nígbà tó jẹ́ ohun kan náà ni wọ́n ń lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀rọ náà lè lù ú. Rárá o. Nígbà tí James Brown, akọrin ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ọmọ báńdì rẹ̀ gbé orin yìí dé ní nǹkan bí ọdún 1965, ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi gbogbo agbára lé ìlù kìíní nínú mẹ́rin, wọ́n sì sọ gbogbo ohun èlò tó kù di ìlù. Gìtá kì í kọrin níbẹ̀, ńṣe ló ń ha. Béèsì á sọ ọ̀rọ̀ ṣókí, á fi àyè sílẹ̀. Fèrè náà ń lù ni: ahọ́n afọnfèrè á kan pẹlẹbẹ esùsú tó wà lẹ́nu fèrè, á gé ohùn náà mọ́ ọn lẹ́nu, á dákẹ́. Onílù á gbọ́ àyè tí fèrè fi sílẹ̀ yẹn, á fẹsẹ̀ tẹ ìlù ńlá sí i. Nígbà tí wọ́n bá máa fi yípo dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, afọnfèrè ti gbọ́ ohun tí onílù ṣe, ó sì ti yí tirẹ̀ pa dà díẹ̀ láti fi dá a lóhùn. Ohun kan náà ni wọ́n ń lù, síbẹ̀ kò rí bákan náà. Ẹni tó ń jó mọ̀ ọ́n lára, bí kò tilẹ̀ lè fẹnu ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ wo Maceo Parker, tí kò sí ẹni tó fẹ́ràn fèrè fọ́ǹkì tí kò mọ̀ ọ́n. Ọdún 1964 ló wọ báńdì James Brown. Ṣùgbọ́n ta ni James Brown ń wá? Melvin ló ń wá, àbúrò Maceo, tó jẹ́ onílù. Ó ti gbọ́ ìlù Melvin níbì kan tẹ́lẹ̀, ó sì ti ṣèlérí iṣẹ́ fún un. Ìgbà tí Melvin lọ gba iṣẹ́ náà ló mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání, tó ní òun náà ń fọn fèrè. Onílù ló mú afọnfèrè wọlé. Mo máa ń rántí ìtàn yìí nígbàkúùgbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé fèrè nìkan ni àwọn èrò wá gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, lórí ìtàgé, James Brown á kàn pariwo orúkọ Maceo láàárín orin ni. Kò sí ìkìlọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni Maceo gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọn, báńdì á sì fà sẹ́yìn díẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè jáde. Bó bá dùn mọ́ James Brown nínú, ó lè jẹ́ kó máa lọ. Bó bá tó, á tún pariwo mìíràn, gbogbo wọn á yà sí ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni tí kò bá yà pẹ̀lú wọn, yóò san owó ìtanràn. Ó le, n kò sì yìn ín fún owó ìtanràn yẹn. Àmọ́ ẹ rí bí wọ́n ṣe ń fetí sí ara wọn tó. Kọ̀ǹpútà kì í gbọ́ ìpè.

Ti jáàsì tún wá yàtọ̀. Níbẹ̀, ìpìlẹ̀ orin nìkan ni gbogbo wọn jọ mọ̀. Orin tí afọnfèrè máa fọn lé e lórí, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n àfi ìgbà tó bá ń fọn ọ́n. Ó máa ń yípo ìpìlẹ̀ yẹn ni, bó bá dé òpin á tún bẹ̀rẹ̀, ìyípo kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Newport, ní Amẹ́ríkà, lálẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1956. Báńdì Duke Ellington, ọ̀gá nínú jáàsì tó ń tẹ dùùrù, ló wà lórí ìtàgé. Ilẹ̀ ti ṣú gan-an, àwọn kan lára èrò ti ń múra àtilọ sílé. Ellington wá ní kí Paul Gonsalves, tó ń fọn saksofóònù ténọ̀, bọ́ síwájú láàárín orin kan, kó fọn bó bá ṣe wù ú tó. Sam Woodyard wà nídìí ìlù, Jimmy Woode wà nídìí béèsì. Gonsalves bẹ̀rẹ̀. Ó yípo, ó tún yípo. Obìnrin kan dìde, ó bọ́ sáàárín, ó ń jó. Jo Jones, onílù ńlá tó ti ṣeré tirẹ̀ tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn, dúró sí ẹ̀bá ìtàgé, ó ká ìwé ìròyìn lọ́wọ́, ó ń fi í lu ìlù fún wọn láti ibẹ̀. Àwọn èrò gun orí àga. Ìgbà tí Gonsalves fi máa ṣíwọ́, ó ti yípo lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Ta ni ì bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé iye tí òun máa ká sínú ẹ̀rọ sílẹ̀ dè é nìyẹn? Gonsalves fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Woodyard kò mọ̀. Obìnrin yẹn, ariwo èrò, ìwé ìròyìn ọwọ́ Jo Jones, ìlù tí kò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń tì í lọ. Mo sì gbọ́dọ̀ fi kún un pé George Wein, olùṣètò eré náà, ẹni bíi tiyín, bẹ̀rù pé èrò lè di jàǹdùkú mọ́ òun lọ́wọ́, ó ní kí Ellington dá a dúró. Ẹ̀rù rẹ̀ yé mi, òun ni wọ́n máa bi bí nǹkan bá bàjẹ́. Ellington kò dá a dúró, ó tún kọ orin mìíràn lé e. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló gbé orúkọ Ellington dìde lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti ń rò pé àsìkò rẹ̀ ti kọjá.

Nǹkan kan tún wà nínú ìtàn yẹn tó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Máíkì méjì ló wà níwájú ìtàgé: ọ̀kan jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ń ká orin sáwo, èkejì jẹ́ ti rédíò Voice of America. Ti rédíò ni Gonsalves lọ dúró sí. Nítorí náà, nínú àwo tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, òkèèrè ni ohùn fèrè rẹ̀ ti ń wá. Ọdún 1999, nígbà tí wọ́n rí téèpù rédíò náà tí wọ́n so méjèèjì pọ̀, la tó gbọ́ ọ bó ṣe yẹ. Ó ju ogójì ọdún lọ, torí máíkì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí fún àwọn tó ń darí ohùn fún yín: ohùn saksofóònù kì í gba ẹnu rẹ̀ gbàràgàdà yẹn nìkan jáde. Idẹ ni ara rẹ̀, àmọ́ esùsú tó ń gbọ̀n níbi tí afọnfèrè ti ń fi ẹnu fọn ọ́n ló ń bí ohùn, ohùn náà sì ń gba ojú ihò ara fèrè jáde. Ìgbà tí afọnfèrè bá fi ìka tẹ ìdérí gbogbo ihò wọ̀nyẹn pa, fún àwọn ohùn tó nípọn jù lọ, ni ohùn tó máa ń tú jáde lẹ́nu nísàlẹ̀ pátápátá. Nítorí náà, bí ẹ bá ki máíkì bọ inú ẹnu gbàràgàdà yẹn, ohùn ìsàlẹ̀ á máa bú gbàù, ti òkè á dà bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀, kó kọjú sí àárín ara fèrè. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ sì fún wọn ní àsìkò láti dán ohùn wò kí èrò tó wọlé. Gbogbo wọn pọ̀ ni kí wọ́n dán an wò, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan nìkan, torí ohùn tó dára lóun nìkan lè bo ti ẹnìkejì mọ́lẹ̀. Sípíkà tó kọjú sí àwọn eléré kò gbọ́dọ̀ gbé ohùn fèrè nìkan wá fún afọnfèrè. Béèsì àti ìlù ló nílò láti gbọ́ jù. Ohùn saksofóònù tún máa ń gòkè bí ó bá ń móoru, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ bí ó bá tutù. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ amúlétutù dé góńgó nígbà tí wọ́n ń yẹ ohùn wò, tí iná ìtàgé wá ń jó wọn lára nígbà eré, ohun tí wọ́n tún ṣe tẹ́lẹ̀ á ti yí pa dà. Báńdì tó wà láàyè lè gbọ́ èyí kí wọ́n sì bá ara wọn mu. Orin inú kọ̀ǹpútà kò lè sún sókè tàbí sísàlẹ̀ láti pàdé rẹ̀. Afọnfèrè á máa fi ẹnu fa ohùn ṣáá títí ètè rẹ̀ á fi bó.

Mo mọ èsì tí ẹ fẹ́ fún mi: owó. Owó ọkọ̀ ẹnì kan kì í ṣe ti ẹni márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ti ilé ìtura. Òótọ́ ni, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa.

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, báńdì kò ní láti pọ̀. Ẹni tó mọ dùùrù ọ́gáànù í tẹ̀ dáadáa á máa fi ọwọ́ òsì tàbí ẹsẹ̀ lu béèsì, ọwọ́ ọ̀tún á máa ṣe ìyókù. Pẹ̀lú onílù, ẹni mẹ́ta péré ni wọ́n jẹ́ pẹ̀lú afọnfèrè, wọ́n sì lè gbé gbọ̀ngàn dìde. Èrò tèmi ni pé bí owó bá kù fún ẹnì kan ṣoṣo, onílù ni kí ẹ mú. John Coltrane, afọnsaksofóònù, àti Rashied Ali, onílù, ká odidi àwo kan ní 1967, fèrè àti ìlù nìkan ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣófo níbẹ̀. Ti fọ́ǹkì ni n kò ní lè fọwọ́ sọ̀yà fún bẹ́ẹ̀. Fọ́ǹkì láìsí béèsì máa ń rọ.

Ẹ̀kejì, báńdì kan lè sin eléré méjì. Ní oṣù Kẹta ọdún 1971, ní gbọ̀ngàn Fillmore West ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà, báńdì King Curtis, afọnsaksofóònù, ló ṣe eré tirẹ̀, àwọn náà ló sì tún wà lẹ́yìn Aretha Franklin, akọrin, ní àwọn alẹ́ yẹn kan náà, Bernard Purdie nídìí ìlù. Àwo méjì ló jáde láti ibẹ̀, ọ̀kan ti Curtis, ọ̀kan ti Aretha. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pe akọrin mẹ́ta àti afọnfèrè kan wá sí eré kan náà, kí olúkúlùkù wá gbé fóònù tí orin rẹ̀ wà nínú rẹ̀ dání, kí ló dé tí ẹ kò lè gba báńdì kan tó dáńtọ́ fún gbogbo wọn?

Ẹ̀kẹta, n óò sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ná owó sórí èéfín ìtàgé, pátákó aláwòrán gàgàrà àti iná aláràbarà, tí wọ́n sì wá ní kò sí owó onílù. Àwọn tó wá gbọ́ jáàsì àti fọ́ǹkì kò bèèrè èéfín lọ́wọ́ yín.

Bó bá jẹ́ pé níbi àpèjẹ ni, tí àwọn ènìyàn ń jẹun tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, kí afọnfèrè dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan kó máa fọn lé orin àkásílẹ̀, n kò ní ohun kan í sọ sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó sì níyì. Eré tí ẹ ta tíkẹ́ẹ̀tì fún, tí ẹ kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé eré ojúkojú ni, ni mo ń sọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ àsìkò. Ogún ìṣẹ́jú kò tó. Ní oṣù Kẹta ọdún 1992, Maceo Parker ṣe eré kan ní Köln, ní Jámánì, pẹ̀lú Fred Wesley tó ń fọn trómbóònù àti Pee Wee Ellis tó ń fọn saksofóònù ténọ̀, pẹ̀lú onígìtá, ọlọ́gáànù àti onílù. Wọ́n ká a sílẹ̀. Orin àkọ́kọ́ nìkan ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ óò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wá ara wọn, tí ẹnì kan ń bọ́ síwájú tí ẹnì kan ń yẹ̀ fún un, tí èrò ń dá wọn lóhùn, tó fi jẹ́ pé ìgbà tó máa fi tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo ilé ti di ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti dá wọn dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, a kì bá tí mọ̀ pé ohun yẹn wà níbẹ̀. Fẹlá, tó gbé saksofóònù ténọ̀ fúnra rẹ̀ ní 1973 nígbà tí Igo Chico, afọnfèrè rẹ̀, fi báńdì rẹ̀ sílẹ̀, kì í sábà kọ orin tó bá ti ká sáwo lórí ìtàgé mọ́ nígbà ayé rẹ̀. Ẹni tó bá wá síbẹ̀, orin tí kò tíì sí nílé ẹnikẹ́ni ló wá gbọ́.

Ẹ tún rántí àwa òǹwòran, torí a wà lára eré náà. Nígbà tí Cannonball Adderley, afọnsaksofóònù jáàsì, fẹ́ ká àwo kan ní 1966, inú yàrá ìkáhùn ní Hollywood ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n wọ́n pe àwọn ènìyàn wọlé, wọ́n fún wọn ní ọtí, kí wọ́n máa hó kí wọ́n máa pariwo bó ṣe ń fọn. Ohùn tí afọnfèrè máa rí fọn níwájú ènìyàn, kò ní rí i fọn níwájú ògiri. Bí afọnfèrè bá gbọ́ ariwo wa, tó fẹ́ fi ìyípo kan kún un, tó wá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló máa pàṣẹ ibi tó máa parí sí, kí ni a wá jókòó síbẹ̀ fún?

Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ ìwé ìpolówó eré yín tó ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi afọnfèrè náà pé àwọn wo ló fẹ́ kó wà lẹ́yìn òun. Ẹ jẹ́ kó sọ iye tí ó kéré jù tó lè bá ṣeré, kí ẹ jọ dúnàádúrà láti ibẹ̀. Ẹ san owó onílù fún onílù, ẹ má ṣe kó owó gbogbo wọn pọ̀ fún afọnfèrè kí ẹ ní kó lọ pín in bó bá ṣe rí. Ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn sára ìwé ìpolówó. Ẹ fún wọn ní wákàtí kan pẹ̀lú àwọn tó ń darí ohùn, àti wákàtí kan ó kéré tán lórí ìtàgé. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá máa wọ́n sí i díẹ̀ nítorí rẹ̀, ẹ kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀ kí a rí i kà. Àwa tí a fẹ́ràn orin yìí á san án, a ó sì tètè dé.

Èmi ni tiyín,
ọ̀kan lára àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì yín